Wọ́n ń sanwó kọ́ èdè ní Debrecen, à ń san owó ìtanràn lórí èdè ní Ìjẹ̀dẹ́

Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ti wọlé. Bí ẹ bá gba títì Ìkòròdú wọ Ìjẹ̀dẹ́ lásìkò yìí, ohun tó máa kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀ ni pépà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó iná àti ara ògiri: "Summer Lesson". Òjò ń rọ̀, ẹrẹ̀ ń gbé ọlọ́kadà ṣubú, ọ̀sà ti kún dé ibi tí àwọn apẹja ń so ọkọ̀ mọ́, síbẹ̀ sọ́mà là ń pè é. Kò burú. Ọ̀dọ̀ àwọn tí oòrùn ń ràn fún lóṣù yẹn la ti yá orúkọ náà, a ò sì tíì dá a padà.

Mo dúró ka ọ̀kan nínú àwọn pépà yẹn délẹ̀. Ìṣirò wà níbẹ̀, English wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, Faransé pàápàá wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sí pé "No Vernacular". Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tó ń lọ síbẹ̀, tí ilé wọn ò jìnnà sí tiwa, ló ṣàlàyé òfin náà fún mi: bó o bá sọ Yorùbá lẹ́ẹ̀kan, náírà 200, bó o bá tún sọ ọ́, o máa dúró níwájú kíláàsì títí wọ́n á fi jáde. Yorùbá ni mo fi bi í. English ló fi dá mi lóhùn látòkèdélẹ̀. N ò ní dárúkọ iléèwé náà, torí ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe lòun náà ń ṣe.

Lọ́sẹ̀ kan náà ni ọmọ àbúrò màmá mi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láti Debrecen, lórílẹ̀-èdè Húngárì. Ìmọ̀ ìṣègùn ló ń kà níbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà pọ̀ ní yunifásítì ìlú yẹn, pàápàá lẹ́ka ìṣègùn, English ni wọ́n sì fi ń kọ́ àwọn àjèjì níṣẹ́. Ohun tí kì í yé ọ̀pọ̀ òbí kí ọmọ tó wọ bàálù ni pé English yẹn nìkan ò tó. Àjèjì tó ń ka ìṣègùn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ èdè Húngárì pẹ̀lú. Ìdí ẹ̀ ò fara sin. Ìyá àgbà tó wá láti abúlé, tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù, kò gbọ́ English, kò sì sẹ́ni tó máa ní kó lọ kọ́ ọ kí wọ́n tó bi í pé ibo ló ń dùn ún. Dókítà ló máa kọ́ èdè aláìsàn.

Bí àbúrò mi ṣe pinnu nìyẹn pé òun ò ní wá sílé lọ́dún yìí. Ó forúkọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní ilé ẹ̀kọ́ ìgbà ooru tó wà nílùú náà, Debreceni Nyári Egyetem. Ọdún 1927 ni wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ yẹn sílẹ̀. Èdè Húngárì àti àṣà Húngárì ni iṣẹ́ wọn. Ẹ ó bá ọmọ yunifásítì níbẹ̀, ẹ ó bá ẹni tó fẹ́ ọmọ Húngárì sílé, ẹ ó bá ọmọ Amẹ́ríkà tí bàbá bàbá ẹ̀ sá kúrò ní Húngárì láyé ogun, tó wá fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nílé wọn kí wọ́n tó bí i. Láàárọ̀, wọ́n ń jókòó sí kíláàsì. Tó bá di ọ̀sán, orin ni, ijó ni, sinimá ni, wọ́n sì máa ń kó wọn jáde nígbà míì lọ sí Hortobágy, pápá ńlá tí àwọn darandaran wọn ti ń sin ẹṣin àti màlúù oníwo gígùn. Nínú ọjà, nílé oúnjẹ, nínú ọkọ̀, èdè Húngárì ni. Ọjọ́ kẹta ló ní orí ń fọ́ òun. Ọjọ́ kẹwàá ló ní òun lá àlá, èdè Húngárì sì wà nínú àlá náà.

Àmọ́ kì í ṣe àlá yẹn ló mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ohùn àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́ ni. Ẹ̀rín ló fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀: "Àǹtí mi, àfi bí ẹni pé àwọn èèyàn yìí ti gbé Ìjẹ̀dẹ́ rí."

Ẹ gbọ́ ohun tó rí. Nínú English, ọkùnrin ni he, obìnrin ni she. Ẹgba mélòó la ti jẹ lórí méjèèjì yẹn nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Ọmọ á ní "My mother, he is coming", kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, tíṣà á mú pàṣán. Bẹ́ẹ̀, ọmọ náà ò ṣe nǹkan kan ju pé ó ń fi èdè ilé rẹ̀ ronú, níbi tó jẹ́ pé "ó" ni ìyá, "ó" ni bàbá. Ó dáa. Àwọn ará Húngárì náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún he àti she, ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: ő. Wọ́n máa ń sù ètè jọ tí wọ́n bá ń pè é, kì í dún gan-an bíi tiwa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Àwọn náà máa ń da he pọ̀ mọ́ she tí wọ́n bá ń kọ́ English. Kò sẹ́ni tó ní ọpọlọ wọn ò pé. Ọmọ Húngárì kan, Ernő Rubik, ló ṣe páálí onígun aláwọ̀ mẹ́fà tí àwọn ọmọ wa ń fọwọ́ yí kiri, láti ọdún 1974.

Ó tún kù. English á ní brother, ó parí. Ta ló ṣáájú? Ta ló tẹ̀lé e? Kò kàn án. Nínú èdè Húngárì, báty ni ẹ̀gbọ́n lọ́kùnrin, öcs ni àbúrò lọ́kùnrin. Nővér ni ẹ̀gbọ́n lóbìnrin, húg ni àbúrò lóbìnrin. Tíṣà ní kí àbúrò mi sọ̀rọ̀ nípa ẹbí ẹ̀, ó bá pè mí ní nővér. Tíṣà bi í bóyá ìyá kan ló bí wa. Ó ní rárá o, ìyá òun àti ìyá mi ni ìyá kan bí. Tíṣà ní unokatestvér nìyẹn, ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní cousin. Àbúrò mi ní nílé àwọn, ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́. Mo gbádùn ìyẹn gan-an. (Nővér yìí kan náà ni wọ́n fi ń pe nọ́ọ̀sì, bí àwa náà ṣe ń pe nọ́ọ̀sì ní sístà. Ẹ ò rí nǹkan.)

Te ni ìwọ. Ön ni ẹ̀yin, fún àgbà àti ẹni téèyàn ò mọ̀ rí. Ọmọdé tó bá pàdé àgbà á ní "csókolom", ìyẹn ni pé mo fẹnu ko ọwọ́ yín, bí tiwa ṣe máa ń kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀. Wọn kì í fi nǹkan kan kún orúkọ tí iye bá ti ṣáájú ẹ̀: két könyv, ìwé méjì, ó tán, torí pé méjì ti sọ ohun tó yẹ kó sọ. Orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sí rẹ́jísítà nílé ìwé wa. Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ferenc Puskás, tí FIFA fi orúkọ ẹ̀ pe àmì-ẹ̀yẹ góòlù tó rẹwà jù, Puskás Ferenc ni wọ́n ń pè é nílé.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni àǹkóò fáwẹ̀lì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe Yorùbá ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ máa rántí ẹ̀, ìdí tá a fi ń sọ pé "ejò", tí ẹnikẹ́ni ò lè pè é ní "ẹjò". A rò pé wọ́n kàn fẹ́ fi fìyà jẹ wá ni. Ó kọjá wá sí Debrecen. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé nínú ilé, házban ni. Nínú ọgbà, kertben. Ban àti ben, iṣẹ́ kan náà ni. Fáwẹ̀lì tó wà nínú ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ló ń yan èyí tó bá a mu, bí ẹbí ṣe ń ra àǹkóò fún òde. Àbúrò mi ní nígbà tí tíṣà ń ṣàlàyé ẹ̀, àwọn kan nínú kíláàsì ń wò bí ẹni tí wọ́n ń sọ iye owó ilẹ̀ Lẹ́kí fún. Òun ní tòun, ó ti mọ orúkọ ẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. A ò bá wọn tan. Èdè wọn le bí òkúta, ìrù ọ̀rọ̀ wọn gùn, wọn ò sì ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ náà ò bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ilé ìyá ìyá wa ní Ìjẹ̀dẹ́ níbí ló gbé títí ó fi wọ sẹ́kọ́ńdìrì, torí iṣẹ́ bàbá ẹ̀ ń gbé wọn kiri. Èdè ìyá àgbà ló kọ́kọ́ mọ̀, pẹ̀lú ẹ̀ka-èdè tó sún mọ́ ti Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú àlọ́, pẹ̀lú èébú. Lẹ́yìn náà ló kó English lé e. Nígbà tí èdè kẹta dé, ó ní ibi tó máa gbé e kọ́. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n tọ́ ní erékùṣù, tí wọ́n gbọ́ English dáadáa, tí English wọn dán ju tèmi tí mo jáde láw lọ, ẹ ní kí wọ́n sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, wọ́n á ní "bro".

Àwọn òbí tó ń sanwó lẹ́sìnnì máa sọ fún mi pé WAEC ò fi Yorùbá bi ìbéèrè físíìsì, ilé iṣẹ́ ò fi Yorùbá ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹni tó fẹ́ jápa ò ní fi Yorùbá kọ ìdánwò. Òótọ́ ni. Oúnjẹ ni English lórílẹ̀-èdè yìí, èmi náà ń jẹ nínú ẹ̀. Àmọ́ ta ló sọ pé ká yọ ọ̀kan kí èkejì tó wọlé? Láàárín ọdún 1970 sí 1978, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kún un, wọ́n wá ń kọ́ wọn ní English lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan. Ní Ilé-Ifẹ̀ ni, St. Stephen's, Mọdákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ náà ò fìdí rẹmi lẹ́yìn àwọn tí wọ́n fi English kọ́. Wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, English wọn náà ò sì burú ju ti àwọn yòókù. Ohun tá a ṣe yọrí nílé wa nìyẹn, ní ohun tó ju ogójì ọdún lọ, a wá gbé e sórí àjà.

Lóṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ tún fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lóṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, English ni wọ́n máa fi kọ́ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí pé àwọn agbègbè tó ń lo èdè abínibí ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ọ̀pọ̀ ti bá mínísítà fa ọ̀rọ̀ yẹn, n ò ní tún un fà. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ni iléèwé ní Èkó mọ̀ ni pé ìkéde yẹn ò kan òfin tó wà nílẹ̀ níbí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Lóṣù kejì ọdún 2018, gómìnà ìgbà náà, Akinwunmi Ambode, fọwọ́ sí òfin tó wà fún ìdáàbòbò àti ìgbélárugẹ èdè Yorùbá ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Òfin náà ní dandan ni kí wọ́n máa kọ́ Yorùbá ní gbogbo iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti sẹ́kọ́ńdìrì, ti ìjọba àti ti aládàáni. Iléèwé tó bá kọ̀, ìkìlọ̀ ló máa kọ́kọ́ gbà; tó bá tún ṣe é, náírà 500,000 àti títì pa. Òfin yẹn kan náà ló sọ pé sísọ Yorùbá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní ìpínlẹ̀ yìí. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀! Ó wá ku kí ẹnì kan ṣàlàyé fún mi bí ohun tí òfin ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ṣe di náírà 200 lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọ̀rọ̀ mínísítà ò sì lágbára láti pa òfin tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe rẹ́. Ohun méjì ni wọ́n jẹ́ pàápàá. Mínísítà ń sọ̀rọ̀ nípa èdè tí wọ́n á fi kọ́ni ní ìṣirò. Òfin Èkó ń sọ̀rọ̀ nípa Yorùbá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́. Iléèwé lè pa àṣẹ méjèèjì mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìsùn.

Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 náà mọ̀ pé èèyàn wà tí kò gbọ́ English. Abala 35 ní bí wọ́n bá mú ẹ, láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ohun tó o ṣe fún ẹ lákọsílẹ̀, ní èdè tó yé ẹ. Abala 36 ní tí wọ́n bá gbé ẹ dé kọ́ọ̀tù tí èdè ibẹ̀ ò yé ẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ fún ẹ ní ògbufọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Abala 97 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti lo èdè ìpínlẹ̀ wọn pẹ̀lú English, Ilé Aṣòfin Èkó sì ti fi Yorùbá jókòó lọ́pọ̀ ìgbà. Ó dára gan-an. Ìbéèrè mi ni pé, lógún ọdún sí i, ta ló máa jẹ́ ògbufọ̀ yẹn?

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti kọ́ọ̀tù nìkan. Ilẹ̀ Ìjẹ̀dẹ́ ń wọ́n sí i lójoojúmọ́. Ẹ̀yin náà ń rí bí fẹ́ǹsì ṣe ń hù. Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa mú ìwé kan wá bá mi lọ́dún tó kọjá, ojú ìwé mẹ́ta. Wọ́n ti ní kó tẹ̀ka. Wọ́n sọ fún un pé wọ́n fẹ́ háyà ilẹ̀ ọkọ ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ọmọ ọmọ mẹ́rin ló ń gbé inú ilé pẹ̀lú ẹ̀, gbogbo wọn ló ń lọ sí iléèwé olówó, àgbà wọn ti ń múra JAMB. Ó gbé ìwé fún àgbà yẹn pé kó kà á fún òun. Ọmọ náà kà á ní English, ó kà á já geere, ìró ohùn ẹ̀ dà bíi ti oníròyìn. Ìyá ní kí ló wí? Ọmọ ò rí Yorùbá tó máa fi sọ ọ́. "Wọ́n ní… land… wọ́n ní forever." Bí ìyá ṣe gbọ́ "fọ́ẹ̀fà" yẹn ni ara fu ú, torí ó máa ń gbọ́ ọ nínú orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bá gbé ìwé wá bá mi. Títà ni, kì í ṣe háyà. Títà pátápátá, pẹ̀lú iye owó tí n ò ní sọ kí ẹ má baà bú sẹ́kún.

Òfin kan wà ní Èkó tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà: ẹni tó bá bá wọn kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara ẹ̀ síbẹ̀, kó sì kọ ọ́ pé òun kà á, òun sì túmọ̀ ẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó tẹ̀ka. Ìwé tí wọ́n gbé fún ìyá yìí ò ní orúkọ òǹkọ̀wé kankan. Ìyẹn nìkan tó láti gbé e dé kọ́ọ̀tù bó bá tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ kọ́ọ̀tù ń gba ọdún, ìyá sì ti lé ní ọgọ́rin. Ọmọ ọmọ tó gbọ́ Yorùbá tó Yorùbá ni ì bá kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀, lórí àga nínú pálọ̀, láìná kọ́bọ̀.

Kò yẹ ká máa rò pé èdè àwọn ará Húngárì lágbára látọjọ́ tí wọ́n ti dáyé. Látìn ni èdè ìjọba wọn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Lọ́dún 1784, Ọba Joseph Kejì tó ń ṣàkóso wọn láti Vienna pàṣẹ pé Jámánì ni kí wọ́n máa fi ṣe ìjọba. Wọ́n bá a fà á títí ó fi dá ọ̀pọ̀ àṣẹ ẹ̀ padà kó tó kú lọ́dún 1790. Àwọn ọlọ́lá wọn ń sọ Jámánì àti Faransé nílé, ti Húngárì wà fún àgbẹ̀ àti ọmọ ọ̀dọ̀. Ǹjẹ́ ẹ gbọ́ irú ẹ̀ rí? Lọ́dún 1825, ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ István Széchenyi dìde ní ìpàdé aṣòfin, ó ní òun fi owó tó ń wọlé lórí gbogbo ilẹ̀ òun lọ́dún kan sílẹ̀, kí wọ́n fi dá ilé ìmọ̀ sílẹ̀ tí yóò máa tọ́jú èdè Húngárì. Lọ́dún 1844 ni wọ́n tó sọ ọ́ di èdè ìjọba nínú òfin. Ẹ wá fi wé tiwa: ọdún 1843, ọdún kan ṣáájú, ni Ajayi Crowther tẹ ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Àkókò kan náà la jọ jí. Lónìí, àwọn tó ń sọ èdè Húngárì láyé ò ju bíi mílíọ̀nù mẹ́tàlá lọ. Àwa lé ní ogójì mílíọ̀nù.

Nígbà tí wọ́n ń tún èdè wọn ṣe, wọ́n jókòó, wọ́n ṣẹ̀dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀. Lọ́yà wọn ń jẹ́ ügyvéd: ügy ni ẹjọ́, véd ni kéèyàn dáàbò bò. Adáàbòbò-ẹjọ́. Àwa ní agbẹjọ́rò, ẹni tó gba ẹjọ́ rò fún ẹlòmíì. Mo fẹ́ràn tiwa jù, torí rírò ni iṣẹ́ náà, ẹ bi àwọn ọ̀gá mi.

Àwọn ará òkèèrè pàápàá ti ń ṣe sọ́mà Yorùbá. Ìjọba Amẹ́ríkà ti náwó fún ọ̀pọ̀ ọdún láti fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ránṣẹ́ sí Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn, kí wọ́n gbé láàárín wa, kí wọ́n gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá ọlọ́jà. Ní Yunifásítì Florida náà, wọ́n ti fi ìgbà ooru kọ́ ọ rí. Àwa ará Ìjẹ̀dẹ́ tí Egbin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa mọ bó ṣe máa ń rí kí ohun tó wà nítòsí ẹni máa tànmọ́lẹ̀ lọ́nà jíjìn.

Ìdí nìyí tí mo fi lọ bá ìyá kan tó ni iléèwé kékeré lọ́nà etí ọ̀sà, kì í ṣe ti orí pépà òkè yẹn. Mo ní kó jẹ́ ká fi ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù kẹjọ ṣe lẹ́sìnnì tí Yorùbá nìkan máa wà níbẹ̀. Láàárọ̀, kíkà àti kíkọ pẹ̀lú àmì ohùn, àti kíkà oókan, eéjì dé igba, torí ọ̀pọ̀ wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ méjìdínlógójì. Lọ́sàn-án, ká kó wọn lọ sétí ọ̀sà kí àwọn apẹja sọ orúkọ ẹja fún wọn, ká kó wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń yan ẹja, kí wọ́n ná ọjà, kí wọ́n gba ṣéńjì, kí wọ́n gbọ́ èébú díẹ̀ pàápàá. Àwọn Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn tó ń pẹja lọ́dọ̀ wa, àwọn Ìgbò tó ní ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn ọmọ wọn wá. Ọmọ tó gbọ́ èdè ibi tó ń gbé ò pàdánù ti bàbá ẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè ti Ìjẹ̀dẹ́ lè fún wa ní gbọ̀ngàn nígbà tójò bá rọ̀. Kò gba owó Széchenyi.

Ìyá náà gbọ́ mi délẹ̀. Ó ní, "Lọ́yà, ọ̀rọ̀ yín dùn, àmọ́ òbí wo ló máa sanwó kí n kọ́ ọmọ ẹ̀ ní ohun tó lè kọ́ nílé lọ́fẹ̀ẹ́?" Mo ní, ṣé wọ́n ń kọ́ ọ nílé? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kí n mú ọmọ mẹ́wàá wá, òun á ṣí kíláàsì kan sílẹ̀, òun ò ní gba owó yàrá. Ọmọ mẹ́fà ni mo ti rí báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ọjọ́ yẹn wà nínú wọn. Ìyá ẹ̀ ló fọwọ́ sí i, bàbá ṣì ń rò ó.